Ara ọmọ mi kọ ẹyin: èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ÌBÉÈRÈ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌYÁ AYỌ̀MÍDÉ, APÁKẸ́, ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 3 ní oṣù tó kọjá. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ oṣù 4 ni ara ti máa ń yún un ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún, tí yóò máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. A kì í fún un ní ẹyin, nítorí wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ kéèkì níbi ọjọ́ ìbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ní Sátidé tó kọjá ni mo fún un ní ẹyin sísè fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí ètè rẹ̀ fi wú, ara rẹ̀ lé kókó-kókó bí ẹni tí kòkòrò ta, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ mi ní èèwọ̀ ilé wọn ni, pé kí n má fún un ní ẹyin, ẹja, edé, wàrà àti ẹ̀pà mọ́. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa fún mi ní oògùn kékeré kan, ó ní kí n máa fún un ní ìdajì lálaalẹ́. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ gbogbo ohun tí ara ọmọ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọwọ́ mi kò ká gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

* * *

Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì kú ewu ọmọ. Ọdún 26 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì bí ọmọ kan tí ara rẹ̀ kọ kajú, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ ti ojú mi ṣẹlẹ̀.

Ẹ dá ẹyin sísè àti ẹyin díndín dúró lónìí. Ẹ má ṣe dá ẹja, edé, wàrà tàbí ẹ̀pà dúró bí ọmọ náà bá ti ń jẹ wọ́n tẹ́lẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ara rẹ̀ bá tún lé. Ọ̀nà kò jìn sí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: ilé ìwòsàn Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, ti ń tọ́jú aláìsàn nílùú yìí láti ọdún 1907, ti LAUTECH náà sì wà nítòsí. Owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò rẹpẹtẹ yẹn, ẹ kọ́kọ́ fi gba káàdì kí ẹ sì fi rí dókítà.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ẹyin ni, tí n kò fi wá nǹkan mìíràn lọ, ni ìṣẹ́jú 10 tí ẹ kọ síbẹ̀. Oúnjẹ tí ara bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀ máa ń fi ara hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2. Bí ọmọ bá jẹ ẹyin láàárọ̀ Sátidé tí ara rẹ̀ wá sú ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ṣòro kí a di ẹ̀bi ru ẹyin. Ṣùgbọ́n ètè tó wú, ara tó lé àti èébì, tí gbogbo wọn dé kí ẹ tó palẹ̀ àwo mọ́, kò ṣeé fojú fò.

Bí ọmọ náà bá tún ṣèèṣì jẹ ẹyin, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ó ń wúkọ́ lemọ́lemọ́, tí èémí rẹ̀ ń han, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọwọrọ bí ẹni tí oorun ń kùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ má ṣe dúró wo bóyá yóò rọlẹ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn mẹ́rin kọ lẹ́yìn ìdáhùn mi. Mẹ́ta nínú wọn gbà pé ìyá ọkọ yín ló jàre, pé ẹni tó bá jẹ èèwọ̀, ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Bàbá kan láti Ọ̀yọ́ sọ pé nínú agbo ilé àwọn, ẹni tó bá jẹ ẹran kan báyìí, ara rẹ̀ á lé láti orí dé ẹsẹ̀, àti pé èyí ti wà kí òyìnbó tó mú ọ̀rọ̀ àlẹ́jì dé, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe kí ara kọ nǹkan.

Bàbá, mi ò ní bá yín jiyàn lórí èèwọ̀ ilé yín. Òótọ́ ni pé orúkọ náà kò pẹ́: dókítà ọmọ ilẹ̀ Austria kan, Clemens von Pirquet, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1906. Ohun tí àwọn àgbà wa rí pàápàá jẹ́ òótọ́ dé àyè kan, nítorí pé àìsàn yìí máa ń tọ ìdílé. Ilé tí bàbá bá ti ní ikọ́ fée, tí ìyá sì ń sín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ dé òpin rẹ̀, a kì í pẹ́ rí ọmọ tí ara ń yún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tó tètè ń bínú ni ọmọ ń jogún, kì í ṣe oúnjẹ kan pàtó. Ara bàbá lè kọ edé, kí ti ọmọ rẹ̀ kọ ẹyin, kí àbúrò ọmọ náà sì máa jẹ ohun gbogbo láìsí ìpalára. Èèwọ̀ ìdílé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ló dè.

Ibi tí èmi àti ìyá àgbà ti yà gan-an ni oúnjẹ mẹ́rin tí wọ́n fi kún ẹyin. Mo rántí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 2, tí wọ́n gbé wá bá wa láti abúlé kan. Ara rẹ̀ ti sú nígbà kan, wọ́n sì gba ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti wàrà kúrò lẹ́nu rẹ̀ lójú kan náà. Oṣù 7 ló fi jẹ ẹ̀kọ, àmàlà àti ọbẹ̀ ilá tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí mo tẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè padà. Irun rẹ̀ ti pupa, ó sì fẹ́lẹ́ bí òwú. Ìyá rẹ̀ rò pé àlẹ́jì náà ló le sí i. Ebi ni. Kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ, ni wọ́n gbé e wá fún, ara tó sú níjọ́sí sì ti lọ tipẹ́tipẹ́.

Nítorí náà, ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé a ti gbà pẹ̀lú wọn lórí ẹyin. Lórí ẹja, edé, wàrà àti ẹ̀pà, kí wọ́n ṣàánú ọmọ náà.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta oògùn ní Sábó dá sí ọ̀rọ̀ oògùn kékeré tí oníkẹ́míìsì fún Ìyá Ayọ̀mídé. Ó ní oògùn kékeré yẹn, chlorpheniramine tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, kò wọ́n, kò pa ẹnikẹ́ni rí, àti pé ọ̀pọ̀ òbí tí kò lówó ilé ìwòsàn ni àwọn ń ràn lọ́wọ́.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ẹ ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ sún mọ́ wọn jù lóru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó ń dín yíyún kù, ó sì ń mú kí ara tó lé rọlẹ̀. Kò lè dènà kí ara ọmọ kọ ẹyin lọ́la, kò sì lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó bá ń dí. Ọmọ tó bá ń lò ó lálaalẹ́ lè jí pẹ̀lú oorun lójú, olùkọ́ á sì máa rò pé ọmọ náà kò lóye. Bí ó bá pọn dandan láti fún ọmọ ní oògùn irú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, cetirizine kì í kun ọmọ lóorun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí dókítà wọn ọmọ náà kí ó tó sọ iye tí yóò lò. Promethazine ní tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá, nítorí ó lè dá èémí ọmọ kékeré dúró. Láti ọdún 2004 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ ńlá nípa rẹ̀ sára ìwé oògùn náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìpara tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, tí àwọn ìyá ń fi pa ara ọmọ bí ẹni ń fi òrí pa á. Betamethasone tó wà nínú rẹ̀ lágbára. Ó máa ń jẹ́ kí ara jọ̀lọ̀ ní ọjọ́ 3, ìyá á sì rò pé òun ti rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù bíi mélòó kan, awọ á fẹ́lẹ́, á funfun, iṣan á máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Dókítà lè kọ èyí tí kò lágbára púpọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, fún ojú ibi tó ń yún nìkan, iyẹn sì dára. Kí á máa rà á fúnra wa láti oṣù dé oṣù ni kò dára.

* * *

Ìyá kan bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé epo pupa ni wọ́n fi wo ti àwọn ọmọ tirẹ̀. Mo fẹ́ sọ ti ọmọ mi fún un.

Ìgbà kajú ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí kajú ṣe pọ̀ tó lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ará ilé kejì wa ń yan án nínú agolo lẹ́yìn ilé, ó sì fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ní ẹyọ méjì péré. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán. Àbúrò mi tó wà nílé rí i pé ètè ọmọ ń wú, ó sì fún un ní epo pupa ṣíbí méjì. Ọmọ bì í, epo sì ń jáde nímú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tó sún mọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sanwó káàdì. Àbúrò mi kò mú owó dání, ó bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ètè ọmọ náà ti dà bí eérú.

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò bi mí léèrè ohunkóhun ju ohun tó jẹ lọ. Ó fa adrenaline, ó sì gún un sí ẹ̀gbẹ́ itan. Aago ògiri ni mo tẹjú mọ́, nítorí mi ò lè wo ojú ọmọ mi. Kò tíì pé ìṣẹ́jú 5 tó fi figbe ta. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì, ó sì dára tí a dúró, torí pé ní òru ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n sì tún gún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Adrenaline ni oògùn tí a ń fún ẹni tí àlẹ́jì fẹ́ gba èémí rẹ̀. Piriton kọ́, àgbo kọ́, epo pupa kọ́, abẹ́rẹ́ dexamethasone kọ́. Ìwọ̀nyí lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìgò kékeré rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa ní mílígírámù 1 nínú mílílítà 1. Mílígírámù 0.01 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó wọn kílò 15 yóò gba mílílítà 0.15, inú ẹran itan ni wọ́n sì ń gún un sí. Bí ara kò bá rọlẹ̀, a lè tún un fún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Mo kọ èyí nítorí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń kà á, kì í ṣe pé kí òbí máa gún ọmọ nílé. Nǹkan ìgúnra aládàáṣe tí òbí fi ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì wọ́n.

Kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí èémí ló ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Bí ó bá ń bì, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe gbé e dúró, ẹ má sì jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí ọkọ̀. Ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọmọ tí kò lè mí dáadáa kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo tí ẹ rọ fún un lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹnì kan béèrè bóyá àdúrà kò tó. Èmi náà gbàdúrà ní ọjọ́ yẹn, nínú wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn tí wọ́n ti gún un tán.

* * *

Lórí àyẹ̀wò. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà, wọ́n á sì fún yín ní ìwé gbogbo ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ. Ìyá kan mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá hàn mí rí: oúnjẹ 31 ni wọ́n fa yíǹkì pupa sí, ọmọ náà sì ń jẹ púpọ̀ nínú wọn lójoojúmọ́, ara rẹ̀ dá ṣáká.

Àyẹ̀wò méjì ló ní ìtumọ̀. Nínú ọ̀kan, wọ́n á kán omi ohun tí a fura sí sápá ọmọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún awọ díẹ̀, wọ́n á sì wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 bóyá kókó tó tó mílímítà 3 jáde níbẹ̀. Nínú èkejì, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti wá ohun tí wọ́n ń pè ní IgE, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń dá ohun tó kọ̀ mọ̀. Méjèèjì lè sọ pé ara ọmọ ti dá oúnjẹ náà mọ̀. Wọn kò lè sọ pé yóò ṣàìsàn bí ó bá jẹ ẹ́. Nítorí náà ni dókítà tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ béèrè ìtàn, tí yóò wá ṣe àyẹ̀wò ohun kan tàbí méjì tí ìtàn náà tọ́ka sí. Àyẹ̀wò IgG tàbí ti irun orí tí wọ́n ń tà káàkiri kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe ti awọ fún un, ẹ sọ fún wọn bí ó bá ń lo Piriton tàbí cetirizine, nítorí ó gbọ́dọ̀ ti dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí èsì tó lè tọ́.

Ìwé àjákọ kan tí ẹ rà ní ọjà Jagun lè sọ ju ìyẹn lọ. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: ohun tó jẹ, aago tó jẹ ẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ náà pẹ̀lú. Mo ti rí ìyá tó ní ọmọ òun kọ mọ́ínmọ́ín, tí a wá rí i pé ẹ̀wà kò ṣe é ní nǹkan kan, edé tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata ni. Mo ti rí ẹni tó ta kété sí mílíìkì inú agolo nítorí ọmọ rẹ̀, tó sì ń ra wàrà fún ọmọ yẹn kan náà nírọ̀lẹ́, bí ẹni pé wàrà kì í ṣe omi ọmú màlúù. Wàrà ewúrẹ́ pàápàá kò yàtọ̀ sí i púpọ̀ lójú ara tó kọ ti màlúù. Bákan náà ni dòńkùà, kúlíkúlí àti yajì orí súyà: ẹ̀pà ni gbogbo wọn.

* * *

A ti ń sọ̀rọ̀ ẹyin bọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ayọ̀mídé kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ pé láti oṣù 4 ni ara ọmọ náà ti ń yún. Èkísímà, àìsàn awọ tó máa ń gbẹ tó sì ń yún, ni ìyẹn jọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Awọ tó ti sán kì í ṣe ògiri mọ́. Eruku oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ wa àti lórí ẹní ń gbabẹ̀ wọlé, ara ọmọ á sì kọ́kọ́ bá oúnjẹ náà pàdé bí ọ̀tá kí ẹnu rẹ̀ tó tọ́ ọ wò. Ìwádìí kan tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2003 rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi ìpara tó ní òróró ẹ̀pà nínú pa lára nígbà tí awọ wọn ń bó ni àlẹ́jì ẹ̀pà pọ̀ sí lára. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà pa ara ọmọ tí awọ rẹ̀ ti sán.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ó má pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ gbé kàn-ìn-kàn-ìn tì. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò olóòórùn líle sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dá ọṣẹ dúdú dúró fún un, nítorí eérú inú rẹ̀ a máa ta awọ tó bó. Bí ẹ bá ti fi aṣọ rọra gba omi kúrò lára rẹ̀, kí awọ tó gbẹ, ẹ fi òrí tó mọ́ tàbí vaselíìnì pa á nípọn, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan kún un. Ẹ gé èékánná rẹ̀. Gbogbo èyí kò gba owó púpọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Sùúrù nìkan ló gbà, nítorí kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró ní ọjọ́ tí ara bá jọ̀lọ̀.

Kí n fi èyí kún un nítorí ìlú wa: omi tó wà lára èèpo kajú tútù máa ń jó awọ, èèpo máńgòrò náà sì ní ohun tó jọ ọ́ tó lè mú kí ẹnu ọmọ sú yíká. Ẹni tó bá rí èyí kì í ṣe dandan kí ara rẹ̀ kọ kajú yíyan tàbí máńgòrò tí a bó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ fi han dókítà.

* * *

Àwọn méjì béèrè nípa ikọ́ fée. Ọ̀kan ní wọ́n kọ ìnhélà fún ọmọ òun, òun kò sì rà á nítorí pé ó máa ń di bárakú.

Ìnhélà kì í di bárakú. Ọmọ tó ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, àìsàn rẹ̀ ni wọn kò tíì kápá, ó sì yẹ kí dókítà fi èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ láti tu ẹ̀dọ̀fóró lára kún un. Ohun tó ń ba ìnhélà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé ni pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ẹnu ni oògùn ń bà sí. Bí ẹ kò bá lówó ike tí wọ́n fi ń gba oògùn náà sẹ́nu, ẹ mú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò onímílílítà 500, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ìdí rẹ̀ kí ẹnu ìnhélà wọ ibẹ̀ pinpin, kí ọmọ sì fi ẹnu ike náà mí. Ní Cape Town ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò fún àwọn ọmọ tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ó sì ṣiṣẹ́ bíi ti olówó. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo èyí tí ẹ ṣe.

Ní ti ilé, ẹ yẹra fún èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ máa sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, kí ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn. Kí ẹ sì kó kánfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Òórùn rẹ̀ kò dára fún èémí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan.

* * *

Ìyá ọmọ oṣù 8 kan ní ara ọmọ òun náà kọ ẹyin, wọ́n sì ti sọ fún un pé kí ó má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù 9 nítorí pé ẹyin wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba ti ìgbóná èèyi. Ó wà láìléwu fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹyin. Ti ibà pọ́njú-pọ́njú, tí wọ́n ń fún un ní oṣù 9 kan náà, ni ẹyin wà nínú rẹ̀ jù ú lọ. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gún un, kí dókítà pinnu ibi tí ó ti yẹ kí wọ́n gún un àti bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ ọ. Ẹ má kàn jókòó sílé.

* * *

Ẹni tó ń ta àgbo tó máa ń fọ àlẹ́jì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ àgbo kankan tó lè ṣe èyí. Ẹlòmíràn tó ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà sọ pé ìwòsàn ti dé lọ́hùn-ún. Ohun tó dé lọ́hùn-ún ni pé ní ọdún 2020 wọ́n fọwọ́ sí ìyẹ̀fun ẹ̀pà tí wọ́n ń fi kọ́ ara ọmọ díẹ̀díẹ̀, ní ọdún 2024 wọ́n sì fọwọ́ sí omalizumab, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí àṣìṣe kékeré má ṣe di ewu ńlá. Kò sí èyí tó sọ pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ náà bó ṣe wù ú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ nílé.

Ìròyìn tó dára fún Ìyá Ayọ̀mídé ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ ẹyin tàbí mílíìkì ni ó máa ń kúrò lára wọn bí wọ́n ti ń dàgbà. Ẹ̀pà àti kajú ló máa ń bá èèyàn dàgbà.

Ní ti ẹ̀rù pé kí á fi oúnjẹ pamọ́ fún ọmọ títí yóò fi gbọ́n, àwọn dókítà náà ti ṣe àṣìṣe yẹn rí. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ tí àlẹ́jì wà nínú ìdílé wọn má jẹ ẹ̀pà kí wọ́n tó pé ọdún 3. Ní ọdún 2008 wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ìwádìí tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2015 mú àwọn ọmọ 640, ọmọ oṣù 4 sí 11, tí èkísímà líle tàbí àlẹ́jì ẹyin wà lára wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀pà láti kékeré ni àlẹ́jì ẹ̀pà fi dín kù lára wọn ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ oṣù 6 tí awọ rẹ̀ dá, ẹ lọ ẹ̀pà kúnná mọ́ ọ̀gì rẹ̀, ẹ fún un ní ẹyin tó jinná. Ẹni tí èkísímà ọmọ rẹ̀ bá le, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Odindi ẹ̀pà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, nítorí ó lè há a lọ́fun.

* * *

Ìyá Ayọ̀mídé ti padà wá. Dókítà gbà pé ẹyin ni, ó kọ ìpara fún ọjọ́ 5 fún ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò awọ ti ẹyin nìkan. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì: ti kéèkì, àti ohun tí yóò sọ ní ilé ẹ̀kọ́.

Kéèkì tí ọmọ náà ti ń jẹ láìsí wàhálà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yẹn kan náà kí ẹ tó dá a dúró. Iná tó pẹ́ lórí ẹyin tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun máa ń yí i padà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè jẹ ẹyin sísè ló sì lè jẹ ẹ́ báyìí. Èmi kò ní gbà á lẹ́nu rẹ̀ láìnídìí.

Fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ ọ́ sórí páálí kan ní Yorùbá, kí ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, kí ẹ lẹ fọ́tò ọmọ mọ́ ọn. Bí èmi ṣe kọ ti ọmọ mi nìyí, ẹyin ni kí ẹ fi rọ́pò kajú: "Ara ọmọ yìí kọ kajú. Ẹ má gba oúnjẹ ọmọ mìíràn fún un. Bí ètè rẹ̀ bá wú, ẹ pè mí. Bí ohùn rẹ̀ bá há tàbí tí ó ń wúkọ́, ẹ má pè mí kọ́kọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ fún wọn pé àlẹ́jì kajú ni, kí wọ́n fún un ní adrenaline. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wá pè mí." Mo fi owó ọkọ̀ àti owó káàdì sínú àpòòwé kan lẹ́yìn páálí náà.